Táíwò, Jàpáànù àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Láàárọ̀ yìí, ọkọ̀ kan tó kó iṣu bọ̀ láti Goro fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà wa. Awakọ̀ rẹ̀ lu ara ọkọ̀ náà pẹ́pẹ́, ó ní, "Tonton, bàbá wa, ọmọ Jàpáànù ni o! Kì í kú bọ̀rọ̀." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti padà sí ilé ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ ní Tchaourou, níbi tí eruku ọyẹ́ ti máa ń bo ìwé wa.

Olùkọ́ wa ló sọ ọ́ pé Jàpáànù ni Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti Ìlà Oòrùn. Ó ní òkun yí àwọn méjèèjì ká, ọba ń bẹ níbẹ̀, ilẹ̀ wọn kéré, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi wọn dé ibi gbogbo. Àwa tí a kò tíì rí omi tó ju odò ọ̀nà Kika lọ ń mirí bí alángbá.

Ọ̀rẹ́ mi Táíwò kò mirí. Ìbejì ni òun àti Kẹ́yìndé, Kẹ́yìndé tó jáde kẹ́yìn sì ni ẹ̀gbọ́n nílé wọn.

Kẹ́yìndé á ní, "Àbúrò, lọ pọnmi!"

"Ṣé ẹsẹ̀ tìẹ rọ ni, ẹ̀gbọ́n?" Táíwò á kùn, á sì lọ.

Ìdánwò àfẹnusọ ló máa yan àwọn tí yóò lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Parakou. Kò sí ohun tó wu Táíwò tó bẹ́ẹ̀. Olùdánwò tó wá láti gúúsù bi í ní Faransé pé kí ló dé tí wọ́n fi Jàpáànù wé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo wà lẹ́yìn Táíwò, mò ń dúró de tèmi.

"Ìbejì ni wọ́n, Mèsíyè. Jàpáànù ló kọ́kọ́ ń rí oòrùn, òun ni àbúrò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń tẹ̀ lé e ni ẹ̀gbọ́n. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n fi ń pe àbúrò."

"Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni àbúrò?" Ọkùnrin náà mi orí bí ẹni tí kò gbà. "Ó tó. Máa lọ."

Èmi ka ti olùkọ́ wa bí ayékòótọ́, mo sì yege. Táíwò fìdí rẹmi, ó gba oko lọ.

Ní yunifásítì, mo ka ìwé tó ní àwọn méjèèjì jọra, mo tún ka òmíràn tó ní wọn kò jọra rárá. Orí mi túbọ̀ dàrú.

Táíwò ti kú báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ wa ti di alájà, fóònù tó ń dáhùn ohun gbogbo sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bí ìbejì lónìí ní Tchaourou, èyí tó dé kẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n. Nígbà míì, mo máa ń fi ara mi sípò olùdánwò yẹn, kí Táíwò dúró níwájú mi, kó dáhùn. Títí di òní, n kò mọ máàkì tí ǹ bá fún un.