Ìsápá tí Ìyá Àgbà Fi Káún Sí

Ọpẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbé síwájú Ọlọ́hun, Ọba tó dá omi tó dùn àti èyí tó kan, tó sì fún ọmọ ènìyàn ní ahọ́n tí ó fi ń dá wọn mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àánú rẹ̀ ni. Mo kàn dúró níbẹ̀ nígbà tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni.

Mo rántí ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama tí àwọn mùsùlùmí ìlú dá sílẹ̀ ní Òmù-Àrán, tó ku ọdún kan kí a ṣe àṣejáde. Àwa tí à ń kọ́ kẹ́mísìrì kò pọ̀, ṣùgbọ́n fáàrí wa pọ̀ jù wá lọ. Bí mo bá ń lọ sílé, ìwé kẹ́mísìrì ni mo máa ń gbé lé orí gbogbo ìwé yòókù, kí ará àdúgbò lè rí i pé ọmọ sáyẹ́ǹsì ló ń kọjá. Ásíìdì ni ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu mi jù. Bí ọsàn wẹ́wẹ́ bá kan, màá ní ásíìdì ni. Bí ògì bá kan, màá ní ásíìdì ni. Bàbá mi ní kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí àwọn rí ògì mu ní tàwọn.

Ilé-ìwé wa kò tíì gba àṣẹ láti máa ṣe ìdánwò àṣejáde kẹ́mísìrì nínú ọgbà tirẹ̀. Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Ìlọrin láti wò ó bóyá a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe iṣẹ́ inú láàbù. Bí wọ́n bá kọ̀, ìlú mìíràn ni a ó ti lọ ṣe ìdánwò náà, ibẹ̀ náà ni a ó sì máa sùn títí yóò fi parí. Bàbá mi ti sọ tirẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́: ọmọbìnrin òun kò ní lọ sùn ní ìlú onílùú. "Bí kò bá sí níhìn-ín, fi í sílẹ̀, kí o mú èdè Lárúbáwá ní kókó." Mo fẹ́ràn èdè Lárúbáwá, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti kù sí ìdí àwọn ìgò gíláàsì wọ̀nyẹn.

Iṣẹ́ tí a máa ṣe níwájú àwọn àlejò ni pé kí a máa kán ásíìdì díẹ̀díẹ̀ sínú òdìkejì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bésì, títí wọn yóò fi pa agbára ara wọn. Ojú lásán kò lè rí ìgbà tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, àfi kí a fi oògùn kan tó ń pàwọ̀ dà sí i. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí àwọn àlejò dé, olùkọ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin àgùnbánirọ̀ kan, ṣí ìgò oògùn náà. Ọyẹ́ ti fà á gbẹ.

Àwọn àgbà ní bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Àwa kì í ṣẹbọ, ṣùgbọ́n a mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo nawọ́ sókè. "Sà, sóbò ńkọ́?"

Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí ní, "Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́."

Ṣùgbọ́n mo ti rí i nílé pé bí omi ọṣẹ bá kan ibi tí sóbò dà sí lára aṣọ, pupa ibẹ̀ á di àwọ̀ mìíràn. Olùkọ́ ronú díẹ̀, ó ní kí n lọ rẹ ìsápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò, kí n gbé omi rẹ̀ wá láàárọ̀.

Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, mo dé e sí ìdí ààrò. Nígbà tí mo kírun àsùbáà tán tí mo ṣí i, omi tó pupa fòò lánàá ti di aláwọ̀ ewé tó dúdú. Ìyá bàbá mi ṣì wà lórí ẹní ìkírun rẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ fi sínú omi yìí?"

"Káún díẹ̀ ni. Mo tọ́ ọ wò, ó kan jù."

"A ò fẹ́ mu ún, Ìyá."

"O ní àlejò ń bọ̀ láti Ìlọrin, o wá rẹ ìsápá. Ta ló ń gbé ìsápá kíkan síwájú àlejò? Kí eyín máa kan wọ́n délé, kí wọ́n ní ará Òmù ò mọ oúnjẹ ṣe?"

Ẹni tó bá jẹ ọbẹ̀ ìsápá rí nílẹ̀ Ìgbómìnà yóò mọ̀ pé Ìyá jàre. Káún la fi ń pa kíkan rẹ̀. N kò lè bínú. Ọjà kò tíì tó ná, n kò sì ní òmíràn. Mo gbé e bẹ́ẹ̀, mo ń sunkún lọ lójú ọ̀nà.

Ọ̀rẹ́ mi yọjú wò ó. "Sóbò rẹ ti di omi ewúro." Kí olùkọ́ tó rí nǹkan sọ, àwọn alábẹ̀wò ti wọlé, obìnrin kan àti ọkùnrin kan. Obìnrin náà lọ tààrà sí ìdí ìgò mi.

"Kí lèyí?"

"Ìsápá ni, mà. Ìyá àgbà mi ló fi káún sí i."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló wá sọ ọ́ di báyìí?"

Mo ṣe bísímílà nínú ọkàn mi. "Bésì ni káún, mà. Ó ti pa kíkan ìsápá, ó sì tún ṣẹ́kù. Bí ẹ bá gbà mí láyè, ásíìdì á dá a padà."

"Dá a padà kí n rí i."

Mo da díẹ̀ sínú ìgò, mo ṣí ẹnu ọ̀pá gíláàsì tí ásíìdì wà nínú rẹ̀. Bí ó ti ń kán ni omi náà ń hó. Ó bi mí pé kí ló ń hó, mo ní afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára káún ni, irú èyí tó ń bẹ nínú mínírà. Àwọ̀ ewé náà ṣí, ó dà bí èèpo àlùbọ́sà, lẹ́yìn náà ẹ̀kán kan bọ́ sí i, gbogbo rẹ̀ sì pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ẹnu ọ̀pá náà. N kò jẹ́ kí òmíràn kán.

"Agbára àwọn méjèèjì ti lọ," ni obìnrin náà wí. "Kí ló wá kù sílẹ̀?"

"Iyọ̀ àti omi, mà."

Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi náà wá ṣe tirẹ̀, àti gbogbo àwọn yòókù, ẹnì kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí i pé ọwọ́ wa mọ iṣẹ́ náà. Kí oṣù àwẹ̀ tó wọlé, àṣẹ dé. Bàbá mi gbọ́, ó ní, "Ó dáa. Máa kán an lọ." Ìyá àgbà ní tirẹ̀ sọ ọ́ ní mọ́sálásí fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ìjọba wá láti Ìlọrin nítorí ìsápá òun, ohun tó dùn ún ni pé kò sí ẹni tó tọ́ ọ wò nínú wọn.

Lónìí, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì ní ilé-ìwé náà, inú mi sì ń dùn sí i láìfi bò. Àwọn ọmọ láti Ìsánlú-Ìsin àti Òwu-Ìsin ń wá ṣe ìdánwò wọn lọ́dọ̀ wa báyìí. Bàbá àwọn ọmọbìnrin mìíràn a máa tẹ̀ lé wọn wá, ojú wọn a máa yí káàkiri. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wá. Màá fún wọn ní omi mu, màá mú wọn dé ilé mi, màá fi yàrá tí ọmọ wọn yóò sùn hàn wọ́n. Wọ́n á tẹ ibùsùn náà wò, wọ́n á sì dágbére.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí làákàyè rẹ. Ohun tí ọmọ rẹ bá fẹ́ kọ́, kí Ó má jẹ́ kí ọ̀nà rẹ̀ jìn jù ú lọ; bí ó bá sì jìn, kí ọmọ náà bá ilé tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Àmín.