Pákó Tí Moríkẹ́ Yọ

Owú tí Moríkẹ́ ń jẹ, bí wọ́n bá kó o sábẹ́ ààrò, ì bá yan ẹja gbogbo ìlú Awoye láìfi igi kan ṣoṣo kún un. Kì í ṣe ọkọ ló fa owú o. Jọọlá, aládùúgbò rẹ̀, ni Moríkẹ́ ń jowú.

Ẹja ni àwọn méjèèjì ń yàn tà. Orí òpó ni ilé wọn dúró sí lójú omi, pákó kan ló so ilé mọ́lé, kò sì gùn ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń gba orí rẹ̀ tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Àfi lọ́dún tó kọjá tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fún Happiness, ọmọ Jọọlá, ní sikọ́láṣípù: wọ́n san owó kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n tún fún un lówó ìwé. Láti ìgbà náà, Jọọlá kò lè kí èèyàn kó má ki kọ́lẹ́ẹ̀jì bọ̀ ọ́.

"Ìyá Dùnní, ẹ káàárọ̀ o! Òjò ń rọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa o!"

Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa! Itọ́ ẹnu Moríkẹ́ korò bí jogbo. Ojú rẹ̀ pọ́n débi pé awakọ̀ ojú omi kan rò pé iná ìkìlọ̀ ni, ó yà bàrá. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà Moríkẹ́ mú òòlù, ó yọ pákó kúrò. Ó ní ó ti jẹrà. Pákó tí erin lè jó lórí rẹ̀!

Oṣù mẹ́jọ kọjá, ó wá kan Dùnníolúwa, ọmọ tirẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti gbà á, ṣùgbọ́n ẹja kò wọ àwọ̀n dáadáa lọ́dún náà. Bí kò bá rí sikọ́láṣípù gbà, ìdí ààrò ni yóò jókòó sí. Ó kọ fọ́ọ̀mù sikọ́láṣípù dé ìsàlẹ̀, ó dá bírò dúró.

"Màámi, ibì kan ṣẹ́kù. Wọ́n ní níwọ̀n bí ilé wa kò ti ní nọ́ńbà, ẹni tí pákó so ilé rẹ̀ mọ́ tiwa ni kó fọwọ́ sí i pé ọmọ ibí ni mí."

Moríkẹ́ wò yíká. Ìhà mẹ́ta, omi. Ìhà kẹrin, Jọọlá.

"Ṣé ẹja ò lè fọwọ́ sí i ni?"

"Màámi, ọ̀la ni wọ́n ń gbà á mọ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní Òde-Ugbò o."

Moríkẹ́ kò lè dá pákó padà lójú gbogbo ayé. Òun àti ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀, wọ́n tukọ̀ gba ẹ̀yìn ilé. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún di ìrìn-àjò.

"Háà, Ìyá Dùnní!" Jọọlá pariwo. "Ṣé ẹ ti òkè òkun dé ni? Ẹ kú ewu ọ̀nà o!"

Moríkẹ́ gbé e mì. "Ìyá Happiness, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí ìwé yìí."

Jọọlá kà á, ó gbójú sókè. "Wọ́n ní ẹni tí pákó so mọ́ yín. Pákó wo?"

Dùnníolúwa ń wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo omi.

"Kò jẹrà," ni Moríkẹ́ wí. "Owú ni."

"Mo mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń lu pákó tó jẹrà kọ́ lẹ ṣe lù ú lọ́jọ́ náà." Jọọlá mí kanlẹ̀. "Èmi náà ń fọ́nnu jù. Dùnní, gbọ́. Ẹ̀dà èsì ìdánwò rẹ ni kó o fún wọn, má fi ojúlówó sílẹ̀. Kó o sì tètè bèèrè yàrá. Orí ilẹ̀ ni Happiness sùn fún oṣù kan gbáko, mi ò kàn sọ fẹ́nì kan ni. Ẹ dá pákó yẹn padà lónìí o, Ìyá Dùnní, kí n má baà fọwọ́ sírọ́."

Ó mú bírò, ó fọwọ́ sí i. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ní ìrù gígùn, ó ká kò bí ejò tó jẹun yó.

Moríkẹ́ lanu. "Ta ló kọ́ yín nìyẹn?"

"Happiness ni, nígbà tó wá lo ìsinmi."

Moríkẹ́ dúpẹ́, ọpẹ́ náà sì dénú. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì tukọ̀ dé ẹ̀yìn ilé tó fi na ìka sí ọmọ rẹ̀.

"Dùnní, ìsinmi àkọ́kọ́ tó o bá ti dé, ìfọwọ́sí ni wàá kọ́ mi. Kí tèmi ní ìrù méjì!"