Pèpéle Tí Tíṣà Wa Tú Palẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Kétu ṣì jẹ́ ibi tí èèyàn ti lè dúró sí òdìkejì títì kó sì gbọ́ ohùn ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀, tíṣà kan wà ní ilé ìwé wa tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn fún yín lónìí. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ẹ̀yìn ń dùn mí, orúnkún mi ò gbọ́ràn mọ́, bí mo bá sì dákẹ́ díẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, kì í ṣe pé mo ti sùn o. Ó kàn ń rẹ̀ mí ni. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń rẹ̀ mí báyìí, títí kan ariwo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń gbọ́ yìí.

Ìgbà tí mò ń wí yìí, kò tíì pẹ́ tí a kúrò lórí pọ́n-ùn bọ́ sórí náírà, àwọn awakọ̀ kan ṣì máa ń gbàgbé pé a ti yí ọkọ̀ wíwà sí apá ọ̀tún, wọ́n á fẹ́ gba apá òsì lójú títì Ìkòròdú. Oko ló pọ̀ ní Ìkòsì nígbà náà. Bàbá mi ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo síbẹ̀, èmi náà sì ti ro ilẹ̀ níbi tí ilé alájà mẹ́ta dúró sí lónìí. Mile 12 tí ẹ mọ̀ mọ́ ata àti tòmátò yìí, igbó àti àbàtà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ilé ìwé wa wà láàárín Kétu àti Ìkòsì. Bí ẹ bá wá a, ẹ ò ní rí i mọ́, nítorí náà ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ pákó ni Tíṣà ń kọ́ wa, àwọn náà sì ni kóòṣì bọ́ọ̀lù wa. Apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, a sì máa ń fi bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn wọn, torí gbogbo wa ka ara wa sí ọmọ Èkó, àwa tí a ń ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀! Wọ́n kúrú, wọ́n ki, wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í na èèyàn. Bí o bá ṣe iṣẹ́ tí kò dára, wọ́n á gbé e sókè síbi tí oòrùn ti ń wọlé, wọ́n á wò ó títí, wọ́n á ní, "Ó dáa. Tún un ṣe." Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí ju ẹgba lọ. Ẹgba á tán lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n "tún un ṣe" lè gba gbogbo ọ̀sẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Lórí pápá náà, bákan náà ni wọ́n rí. Ilé ìwé kò ní ẹfun tí a ó fi fa ìlà, nítorí náà lẹ́búlẹ́bú pákó tó ń jábọ́ lábẹ́ ayùn la máa ń kó sínú korobá. Tíṣà á máa fa okùn lọ níwájú, àwa á máa da lẹ́búlẹ́bú náà tẹ̀ lé wọn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ìlà á sá lọ, rẹfirí á sì máa bá wa jà. Bí a bá wá ń gbá bọ́ọ̀lù, òórùn pákó lá máa bù tìì láti ilẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń la pákó kọjá, ẹsẹ̀ á máa yún mi.

Ohun kan tún wà tí Tíṣà máa ń ṣe tí a fi ń rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn kan pákó, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó fẹ́ sùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ so pákó méjì pọ̀, a máa ń gbẹ́ ihò sára ọ̀kan, a ó gbẹ́ ahọ́n sára èkejì, ahọ́n yẹn á sì há pinpin sínú ihò. Ṣùgbọ́n bí igi bá tutù nígbà tí a gbẹ́ ẹ, tó bá wá gbẹ tán, á sún kì, ahọ́n náà á sì máa mì bí eyín arúgbó. Nítorí náà, pákó tí kò bá tíì gbẹ, Tíṣà á tò ó sábẹ́ òrùlé, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ há àárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá, a ó sì máa dúró. Oṣù ń kọjá, a ṣì ń dúró. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, mi ò rò pé ẹ lè dúró báyẹn, ẹ má bínú.

Lọ́dún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, a gbá bọ́ọ̀lù dé àṣekágbá. A ò débẹ̀ rí. Orí pápá wa gan-an ni wọ́n sì ní a ó ti gbá a. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé gbọ́ pé èèyàn ńlá kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba ń bọ̀ wá wòran, wọ́n ní dandan ni kí a ṣe pèpéle, irú èyí tó ní ìjókòó lẹ́sẹẹsẹ, tí tẹ̀yìn ga ju tiwájú lọ, kí àlejò àti àwọn òbí lè rí ibi jókòó. Bàbá ọmọ ilé ìwé kan tó ń ta pákó fi pákó ta wá lọ́rẹ. Nígbà tí lọ́rí já a sílẹ̀ níwájú wọ́kíṣọ́ọ̀bù, gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Tíṣà gbé ọ̀kan lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n tún gbé òmíràn. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, igi yìí ṣì tutù. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀."

Ọ̀gá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ṣé kí n ní kí àlejò padà sílé lọ dúró de igi ni?"

Àwa náà rẹ́rìn-ín. Tíṣà wo pápá, wọ́n wo àwa ọmọ wọn, wọ́n wá ní ó dáa, a ó ṣe é. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi gbà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù, ewúrẹ́ àti àwọn ọmọ kéékèèké ló ń wò wá. Wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn rí wa, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ìfẹ́ wa ló ṣì wọ́n lọ́nà, mi ò sì lè bá wọn wí nítorí rẹ̀.

A kàn án. Ó ga, ó lẹ́wà, a gun orí rẹ̀, a ń kọrin, a ń fi ẹsẹ̀ lù ú, àwọn tó ń kọjá lójú títì ń dúró wò ó. Ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ ni. Ẹ mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń ṣe ètè èèyàn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe pákó yẹn. Lójoojúmọ́ ni Tíṣà ń yí i ká, wọ́n ń fi ọwọ́ mi òpó wò, wọn ò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, kí o gbójú sókè." Mo rákò wọlé. Wọ́n ní, "Kí lo rí?" Mo ní, "Ìmọ́lẹ̀ ni mo rí, sà." Lóòótọ́ ni. Gbogbo ibi tí ahọ́n ti wọ ihò, níbi tó yẹ kó há débi pé òòlù nìkan ló lè yọ ọ́, oòrùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Tíṣà di òpó kan mú, wọ́n mì ín díẹ̀, gbogbo pèpéle náà sì ké lórí mi. Mo sáré jáde. Ojú wọn ti yí padà pátápátá.

Mo tẹ̀ lé wọn dé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí pèpéle náà. Ọ̀gá àgbà ní kí Tíṣà fi ìṣó kún un. Tíṣà ní ìṣó ò lè di igi tó ń sún kì mú. Ọ̀gá àgbà ní, "Ṣebí ẹ̀yin fúnra yín lẹ kàn án, Tíṣà."

Tíṣà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí."

Ohùn ọ̀gá àgbà wá le. Wọ́n ní gbogbo ìlú ló ti gbọ́, àlejò ń bọ̀, bí pèpéle náà ò bá sí níbẹ̀ lọ́la, kí Tíṣà yáa máa palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Mi ò ní sọ pé ọ̀gá àgbà burú o. Ọkàn wọn ni kò balẹ̀. Ẹni tó bá ti retí àlejò láti òkè rí mọ irú ìpayà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, Tíṣà ránṣẹ́ sí àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ pákó pé kí a pàdé wọn lórí pápá. Àwa yẹn náà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù. A rò pé wọ́n fẹ́ gbà wá níyànjú ni. Wọ́n ní, "A máa tú u." Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ aṣọ́lé wa, tó ń ṣọ́ ojú góòlù, bú sẹ́kún. Ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù." Tíṣà mú òòlù. Wọ́n gun òkè, wọ́n sì yọ pákó àkọ́kọ́ fúnra wọn. A tú u. Ìbínú la fi tú u. Àtẹ́lẹwọ́ wa bó, èjìká ń ro wá, ẹ̀yìn ń dùn wá, oòrùn sì ti mú dáadáa kí a tó to pákó tó kẹ́yìn jọ sílẹ̀.

Bí ọ̀gá àgbà ṣe dé nìyẹn, pẹ̀lú agbádá funfun àti fìlà tuntun. Wọ́n wo pákó tí a tò jọ sílẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ta ló fún yín láṣẹ?"

Tíṣà ní, "Kò sẹ́ni tó fún mi, sà."

Àwọn olùkọ́ gbé àga láti yàrá wọn fún àlejò, wọ́n gbé e sábẹ́ igi fúrúùtù. Gbogbo èèyàn yòókù, òòró ni wọ́n wà. Ẹ wá wo èrò! Mi ò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí ní Kétu, gbogbo wọn ń kùn, gbogbo wọn ń bi ara wọn pé ilé ìwé wo ni kò ní ibi ìjókòó. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ wa wúwo. Ká má parọ́, a ti fi agbára wa tú pákó. Wọ́n gbá góòlù wọlé wa nígbà tí ó kù díẹ̀ kó parí, ó sì parí síbẹ̀. Àwọn ọmọ ìhà kejì gbé ife sókè lórí pápá wa, ẹsẹ̀ wọn kún fún lẹ́búlẹ́bú pákó wa.

Tíṣà kó wa jọ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ gbá a dáadáa. Èmi ni mo gba okun yín láàárọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin." Kò sẹ́ni tó wo ojú wọn.

Sáà yẹn ò parí tí ìwé fi dé pé kí wọ́n lọ sí ilé ìwé kan níbi tó jìnnà, lẹ́bàá òkun. Díẹ̀ nínú wa sìn wọ́n dé ojú títì. Wọ́n gbé àpótí irinṣẹ́ wọn sórí, wọn ò jẹ́ kí a bá wọn gbé e. Bí a ṣe ń dúró de ọkọ̀, aṣọ́lé wa ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní, "Sà, ṣé lóòótọ́ ni ì bá wó?"

Tíṣà sọ àpótí náà kalẹ̀. Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀. Ó lè má wó. Ṣùgbọ́n ṣé kí n wá fi ọmọ ọlọ́mọ dán an wò ni?"

Ọkọ̀ dé, wọ́n wọlé, wọ́n lọ. Mi ò fojú kàn wọ́n mọ́ láyé mi.

Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ibi tí wọ́kíṣọ́ọ̀bù wa wà rí, àga oníke ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Kò sẹ́ni tó ń gbé pákó lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́. Lónìí, ilé á wó, gbogbo ayé á yọ fóònù, a ó sunkún, a ó gbàdúrà, àwọn aláṣẹ á ní àwọn máa ṣèwádìí, lẹ́yìn náà òmíràn á tún wó. Mo ti rí i tó bẹ́ẹ̀ tí omi ojú mi ti gbẹ. A ti mọ bí a ṣe ń sunkún òkú dáadáa nílùú yìí. Ẹni tó máa dúró kí ó tó wó, tó máa ní kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ máa lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ̀, òun ni mi ò rí mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó kù, bí a bá pàdé níbi ìsìnkú ara wa, wọ́n ṣì ń sọ pé Tíṣà ló jẹ́ ká pàdánù ife. Mi ò bá wọn jiyàn mọ́. Kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n? Ẹnikẹ́ni ò ṣubú, ẹnikẹ́ni ò kán lẹ́sẹ̀, kò sí àpá kankan tí mo lè nàka sí.

Mi ò tíì sọ fún yín pé ìyá mi wá lọ́jọ́ náà. Ilé ìwé ti ní ìyá àwọn agbábọ́ọ̀lù ni yóò jókòó sí ìlà òkè pátápátá, níbi tó ga jù. Ìyá mi ò wọ ọgbà ilé ìwé rí. Wọ́n wé gèlè, wọ́n yá bàtà lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n ti sọ fún gbogbo obìnrin Ìkòsì pé òkè ni àwọn máa jókòó sí. Wọ́n dé, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Inú oòrùn ni wọ́n dúró sí títí bọ́ọ̀lù fi tán, bàtà náà sì bó wọn lẹ́sẹ̀. Ìyá mi ò dárí ji Tíṣà. Wọ́n sọ ọ́ fún ìyàwó mi nígbà tí mo fẹ́ ẹ wálé, wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Nígbà tí orí wọn funfun gbòò, tí wọn ò ríran mọ́, tí àwọn ọmọ-ọmọ jókòó yí wọn ká, wọ́n ṣì ń sọ ọ́: "Ọkùnrin tó dójú tì mí láàárín èrò yẹn!" Èmi á máa wo ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń ráhùn, arúgbó kùjọ́kùjọ́, inú mi á sì máa dùn.