Fọ́ọ̀mù tó fẹ́ ka ọmọ

"Tíṣà, ta ló ní kẹ́ ẹ máa ka ọmọ mi?"

Bí ìyá àgbà kan ṣe kí mi ní kíláàsì láàárọ̀ òní nìyẹn, ní Masifa níbí.

Ọmọ-ọmọ wọn wà ní kíláàsì mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fọ́ọ̀mù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Àwọn òbí á dáhùn ìbéèrè lórí fóònù, ẹ̀rọ á sì ya iye náà sí àwòrán, káwọn ọmọ lè fi kọ́ ìṣirò. Ìbéèrè tí mo fi ránṣẹ́ lánàá ni: "Ọmọ mélòó ló wà nílé yín?"

Màmá ní, "A kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀rọ ló ń kà á, kì í ṣe èmi."

"Ta ló wá rán ẹ̀rọ níṣẹ́?"

Mo gbé àga fún wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ọmọ tiyín ńkọ́, mélòó ni?"

Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó rò ó: "A dúpẹ́, Mà. Ọlọ́run ń dá wọn sí."

Màmá kàn ń wò mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Mo ti yí ìbéèrè náà sí adìẹ. Màmá ló kọ́kọ́ dáhùn: mẹ́tàdínlógún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ọmọ mélòó lẹ bí? Ẹ kọ ọ́ síbí kí n rí i.