Ẹ Máa Fojú Sí I

Ọdún kejì lẹ́yìn kónílé-ó-gbélé ni, nígbà tí àgbàdo ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri yunifásítì wa ní Àkúrẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ láàbù nígbà náà. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tó gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wa kò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìyanṣẹ́lódì tí a fi gba omi, kí wọ́n lè mọ bí àwọn àgbà ṣe jà tí wọ́n fi ṣẹ́gun. Ó dáa. Màá kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní dùn tó bí wọ́n ṣe rò, nítorí inú ṣì ń bí mi, kì í sì í ṣe àwọn ọ̀gá nìkan ni mò ń bínú sí.

Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ilé onípáànù bíi mélòó kan ló wà níbẹ̀. Tábìlì kan náà la fi ń kọ́ Físíìsì láàárọ̀, tí a tún fi ń kọ́ Kẹ́místírì lọ́sàn-án. Ojú mi ló ṣe tó fi di ìlú ńlá. Wọ́n kọ́ ẹnu-ọ̀nà tó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Wọ́n kọ́ ilé onígíláàsì tí oòrùn ń tàn lára rẹ̀ débi pé awakọ̀ tó ń kọjá a fi ọwọ́ ṣíji bojú. Àwọn àlejò ń ti òkè òkun wá, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń pè wá ní ibùdó ìwádìí. Ọmọ Ọ̀wọ̀, ọmọ Ìkàrẹ́, ọmọ Òkìtìpupa, gbogbo wọn ń jiyàn sáyẹ́ǹsì lábẹ́ igi máńgòrò, inú ẹni a sì máa dùn láti gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá yí ẹ̀rọ omi nínú láàbù Kẹ́místírì, afẹ́fẹ́ ni yóò fẹ́ sí ọ lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ láàbù a mú ìwé, a mú bírò, a mú píọ̀ wọ́tà méjì. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí omi jẹ́, a kò ní omi.

Mo kọ lẹ́tà sí Rẹjísírà. Mo ní ásíìdì àti ẹ̀rọ omi tó gbẹ kò gbọdọ̀ jọ wà nínú yàrá kan. Nígbà tí fáìlì náà padà dé, wọ́n ti fi bírò aláwọ̀ ewé kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ìwé mi: K.I.V. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ní ó túmọ̀ sí ni keep in view, pé kí ẹ máa fojú sí i. Ohun tó túmọ̀ sí gan-an ni pé kí ẹ gbàgbé rẹ̀.

Fẹ́mi ló jìyà rẹ̀. Òun ló máa ń to ìgò sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Lọ́jọ́ kan, ìgò ásíìdì yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́ sórí tábìlì, ó sì ta sí i lójú. Ó sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Mo wà létí ilẹ̀kùn, mo rí i bó ṣe ń yí ẹ̀rọ yẹn, tó ń yí i, tó ń pariwo pé, "Omi! Ẹ jọ̀ọ́, omi!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi eyín ya píọ̀ wọ́tà, wọ́n ń fún un sí i lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a fi gbé e dé ọsibítù ní Oǹdó, ojú ọ̀tún ti lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, a lọ bá Rẹjísírà. Ó fi wá jókòó sórí àga aláwọ, ó ní kí wọ́n gbé omi tútù wá fún wa. Mi ò mu ún.

"Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá gan-an," ó ní. "Ẹ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ omi yẹn, ó pẹ́ tí a ti ń fojú sí i."

Mo ní, "Ojú ta ni, sà?"

"Akọ̀wé, ẹ má fi ìbínú sọ̀rọ̀."

"Mo ní ojú ta ni. Tiyín ni tàbí ti Fẹ́mi?"

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bí a ṣe jáde níbẹ̀ la daṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀nà tí à ń gbà daṣẹ́ sílẹ̀ kò le. Ẹni tó ń ṣọ́ láàbù yóò tì í, yóò sì kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún akọ̀wé. Mo so gbogbo wọn mọ́ okùn kan, mo gbé e kọ́ ọrùn. Bí mo bá ń rìn, wọ́n a máa dún, inú mi a sì máa dùn sí ariwo wọn. Kí n má purọ́, agbára ń pa mí bí ọtí.

Ìyá Ìwúkàrà wà lára àwọn tó kó kọ́kọ́rọ́ fún mi. Àwa la sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ọmọ Oǹdó ni, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà níbẹ̀, ó sì ń wọkọ̀ wá síbi iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ láràárọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń lọ bá àwọn adẹ́mu ní Ijare, ní Ìjù, ní Ìlárá-Mọ̀kín, tó ń bu ẹmu ọ̀pẹ lọ́wọ́ wọn. Yóò yọ ìwúkàrà inú ẹmu náà sọ́tọ̀, yóò fi í pamọ́ sínú ìgò tíntìntín nínú fíríìsà, yóò sì kọ orúkọ adẹ́mu náà sára ìgò. Ohun tó ń wá ni ìwúkàrà tiwa tí yóò lè wú búrẹ́dì, kí àwọn oníbúrẹ́dì wa lè yéé gbójú lé ti òkèèrè. Ó sì rí i. Nínú ẹmu bàbá arúgbó kan ní Ijare tí wọ́n ń pè ní Bàbá Aládé ló ti rí i. Ó yan búrẹ́dì àkọ́kọ́ nínú láàbù, ó gbé e wá gbígbóná, ó gé e fún gbogbo wa.

"Akọ̀wé, ọma mi, jẹ ẹ́," ó ní. "Ẹmu Ijare lo ń jẹ un."

Mo jẹ ẹ́. Ó dùn, òórùn ẹmu sì ń ta díẹ̀díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Mo tún na ọwọ́ sí òmíràn.

Lọ́jọ́ kẹrin ìyanṣẹ́lódì, wọ́n pa iná ilé láàbù. Ilé Gíwá ń tàn, ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá ń tàn, tiwa ṣókùnkùn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tan án fún wákàtí kan, wọ́n á tún pa á. Ilé sáyẹ́ǹsì la wà, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ohun abẹ̀mí tó bá dì tó yọ́, tó tún dì tó tún yọ́, kò ní pẹ́ kú. Ìyá Ìwúkàrà wá bá mi lẹ́nu-ọ̀nà níbi tí a ti ń kọrin, ó mú lẹ́tà dání.

"Akọ̀wé, fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ní fíríìsà ní Oǹdó, ó ní kí n kó wọn wá. Màá gbé wọn, màá sì ti ilẹ̀kùn padà."

"Mọ́mì, bí a bá ṣí ilẹ̀kùn kan, gbogbo rẹ̀ ti ṣí nìyẹn."

"Kì í ṣe iṣẹ́ ni mo fẹ́ lọ ṣe. Nǹkan ẹlẹ́mìí ni wọ́n, ọma mi. Wọ́n ń kú."

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn mi ti gbọ́. "Kò sí ṣíṣí! Kò sí ṣíṣí!" Ẹnì kan tilẹ̀ pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mi ò sì bá a wí. Mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ ìyá náà, mo ní, "Ẹ máa lọ, Mọ́mì, a ó wò ó." Mo yọ bírò, mo kọ nǹkan sí i, mo fi í sínú fáìlì. Kò lọ. Ó dúró síbẹ̀ títí orin wa fi parí, ó ń wo àwọn kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n juwọ́ sílẹ̀. Wọ́n fa omi wọ láàbù, wọ́n gbé àwo ìfọjú sí yàrá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé Fẹ́mi kò ní kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí omi tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, a fi bọ́jú, a ń wọ́n ọn sí ara wa, àgbàlagbà ń jó bí ọmọdé. Ìyá Ìwúkàrà kò jó. Ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọlé.

Mo tẹ̀ lé e. Bó ṣe ṣí fíríìsà, òórùn kíkan lé wa sẹ́yìn. Ó ń yọ ìgò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka orúkọ ara wọn jáde bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń fún wọn lóúnjẹ, bóyá wọ́n á sọjí. Díẹ̀ sọjí. Ti Bàbá Aládé kò sọjí.

Ìgbà náà ni Gíwá mú àwọn oníròyìn wá. Ó nàka sí fíríìsà. "Ẹ wá wo ohun tí ìyanṣẹ́lódì ń ṣe sí ìwádìí," ó ní. Ó wá yíjú sí Ìyá Ìwúkàrà, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀ kí kámẹ́rà lè gbọ́. "Ẹ má sunkún, Mà. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ ó tún bu òmíràn."

"Agbè ló fọ́, sà," ni ìyá náà wí. "Bàbá Aládé ti kú. Wọ́n ti gé àwọn ọ̀pẹ rẹ̀."

Gíwá mi orí, ó fẹ́ máa lọ. Ìyá náà yọ fóònù nínú báàgì rẹ̀. "Ẹ dúró, sà. Lọ́jọ́ tí wọ́n paná, mo kọ̀wé sí Rẹjísírà. Kọ́kọ́rọ́ kejì gbogbo láàbù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ìlú mi kan tó ń tẹ̀wé lọ́fíìsì rẹ̀ ló ya fọ́tò èsì rẹ̀ fún mi. Ẹ wò ó."

Gbogbo wa na ọrùn. Bírò aláwọ̀ ewé. K.I.V.

Ariwo sọ. Tèmi ló ròkè jù. "Ẹ ò rí wọn!" mo ní. "Òun ni wọ́n fi fọ́ ojú Fẹ́mi, òun náà ni wọ́n fi pa iṣẹ́ obìnrin yìí! Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní iná, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó títí ó fi kú! Ìkà ni gbogbo yín!" Gíwá àti àwọn oníròyìn ti ń yára jáde. Mo fẹ́ tẹ̀ lé wọn, kí n pariwo náà dé ojú ọ̀nà.

"Akọ̀wé," ni Ìyá Ìwúkàrà wí lẹ́yìn mi. "Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi báwo, Mọ́mì?"

"Ṣí fáìlì tìrẹ."

Ó wà lábẹ́ apá mi bó ṣe máa ń wà. Mo ṣí i. Lẹ́tà rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkọ̀wé rẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bírò pupa tèmi ti kọ lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Mi ò tilẹ̀ rántí pé mo kọ ọ́. Mo ti pẹ́ lọ́fíìsì débi pé ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kọ láìbi mí. Ohun tó ń ṣe Àbòyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ìyá náà kà á, kò pariwo, kò pe kámẹ́rà padà. Ó pa fáìlì náà dé, ó sì tì í padà sábẹ́ apá mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bi mí ní ohun tí a rí gbà. A gba omi, ó sì ṣàn títí ẹ̀rọ tó ń fà á fi bàjẹ́. Ẹ̀yin náà tún ti ń gbé píọ̀ wọ́tà lọ sí láàbù báyìí. Rẹjísírà mìíràn ti dé, mo gbọ́ pé bírò aláwọ̀ ewé lòun náà ń lò. Fẹ́mi ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní, kò sì ní fọwọ́ kan ìgò kankan láì kọ́kọ́ lọ yí ẹ̀rọ omi wò. Èmi àti Ìyá Ìwúkàrà tún lọ sí Ijare lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ Bàbá Aládé mú wa lọ síbi tí àwọn ọ̀pẹ wà tẹ́lẹ̀. "Ẹ kú uṣẹ́ o," ó ní, ó nàka sí àwọn ilé tuntun, "ulé ti bo gbogbo rẹ̀." A bu ẹmu lọ́wọ́ àwọn mìíràn, kò sí èyí tó wú búrẹ́dì.

Inú ń bí mi sí àwọn tó fi iná mànàmáná láàbù ṣeré kí wọ́n lè rí nǹkan fi han kámẹ́rà. Mi ò ní dárí jì wọ́n, ẹ̀yin náà ẹ má dárí jì wọ́n. Inú ń bí mi sí ẹni tó pe Ìyá Ìwúkàrà ní ọ̀dàlẹ̀ tí kò sì bẹ̀ ẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n Rẹjísírà kò jẹ nínú búrẹ́dì yẹn rí. Èmi jẹ ẹ́. Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mo gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: bí ẹ bá fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tì í pa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó kó o fún yín pé kí ló ń mí nínú yàrá rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ kí Ìyá Ìwúkàrà ní Oǹdó lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Òun náà ti fẹ̀yìn tì. Ó gbé tíì àti búrẹ́dì sílẹ̀ fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

"Mọ́mì, ẹ dárí jì mí."

"Dìde, kí o jẹun," ó ní. "Ìwúkàrà òkèèrè ni wọ́n fi ṣe é."

Mi ò dìde. "Mọ́mì, lẹ́tà yẹn. Ẹ dárí jì mí."

Ó da ṣúgà pọ̀ nínú tíì mi.

"Mo gbọ́, Akọ̀wé, ọma mi," ó ní. "Màá máa fojú sí i."