Ọlọ́kadà Tí Kì Í Sáré

Oṣù mẹ́ta péré ni Ọ̀gá Reuben Akíntóyè fi jókòó sílé lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì kí ìyàwó rẹ̀ tó lé e síta. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ níwèé nílùú Oǹdó, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń rí àṣìṣe kó mójú kúrò. Ó ní ilá tí ìyàwó òun rẹ́ kò dọ́gba. Ó ní ó ro ọkà láròjù. Lọ́jọ́ tó mú rúlà wọ ilé ìdáná láti wọn iṣu tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ sè, Ìyá Àánú gbé ọbẹ kalẹ̀.

"Bàbá Àánú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wá nǹkan ṣe. Ohunkóhun."

"Iṣẹ́ wo ni ẹni ọgọ́ta ọdún fẹ́ ṣe?"

"Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ pé ọgọ́ta ni?"

Yàtọ̀ sí ìwé, alùpùpù nìkan ló mọ̀. Òun ló fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó de táì, ó dé akoto, ó sì lọ dúró láàárín àwọn ọlọ́kadà ní Yàbà, nínú ìlú Oǹdó níbẹ̀. Ó ń bẹ Ọlọ́run kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kankan má kọjá.

Àbdùlláhì, alága àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, wò ó láti bàtà dé táì. "Ọ̀gá, ṣé ẹ wá bẹ̀ wá wò ni?"

"Iṣẹ́ ni mo wá ṣe."

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú. Ẹ̀rín ọ̀hún kò sì tán bọ̀rọ̀, nítorí Ọ̀gá Reuben kì í sáré. Ó ń dúró de ewúrẹ́. Ó ń yà fún ọmọlanke. Ọmọbìnrin kan tó gbé sọ fún un pé òun ti ń pẹ́, Ọ̀gá ní ẹni tó bá jí láago márùn-ún kì í pẹ́. Ọmọbìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ó sì kọjá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Ìgbín.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Alàgbà Adépọ̀jù fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀gá, ẹ ń kó ìtìjú bá ìjọ. Odidi ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́!"

"Alàgbà, ó ti pé ogún ọdún tí ẹ ti ń hanrun nígbà ìwàásù. Ìjọ ṣì dúró."

Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ọjọ́ méjì ni kò jáde, títí Ìyá Àánú fi rí i tó tún ń wo ìkòkò, tó sì gbé kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lé e lọ́wọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tó padà dé Yàbà náà ni Bọ́sẹ̀ ẹlẹ́yin já wọ ibẹ̀ tòun tariwo. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà tó ń sáré ló kó kíréètì mẹ́fà fún, ìyẹn sì fò wọ kòtò. "Ẹyin ni mo gbé fún un, ó bá mi dín in sójú títì! Ta ló lọ́ra jù nínú yín?"

Kò sí ẹni tí kò nàka sí Ọ̀gá Reuben.

Ó pẹ́ kó tó kó ẹyin mìíràn dé ìsọ̀ Bọ́sẹ̀, àmọ́ ẹyin kan ṣoṣo kò sán. Bọ́sẹ̀ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gbà á gbọ́. Ó ní kó padà wá lọ́la. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́yin yòókù fi gbọ́, lẹ́yìn náà aboyún, lẹ́yìn náà àwọn ìyá arúgbó tí eegun ń dùn.

Iṣẹ́ tó wá sọ ọ́ dolókìkí ni ti Monílọ́lá tó ń ṣe kéèkì. Ọjọ́ ìgbéyàwó kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Àkúrẹ́ ni ọkọ̀ tó háyà bàjẹ́, kéèkì alájà mẹ́ta sì wà nílẹ̀. Ọ̀gá Reuben di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú páálí tirẹ̀, ó so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn. Monílọ́lá jókòó sẹ́yìn Àbdùlláhì, wọ́n ń tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀!" Monílọ́lá ń ké.

"Ṣé kéèkì lẹ fẹ́ ni, àbí ìyẹ̀fun?"

Àwọn tírélà ń fọn fèrè mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ń juwọ́ sí wọn bí ẹni pé wọ́n kí i. Ìgbà tí wọ́n fi dé, wọ́n ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ọkọ sì ti ń béèrè bóyá búrẹ́dì ni wọ́n fẹ́ gé. Monílọ́lá ṣí páálí. Òdòdó ṣúgà kan kò yẹ̀ níbẹ̀. Ó bú sẹ́kún, ó dì mọ́ ọ̀gá, ó sì fi ìpara ba táì rẹ̀ jẹ́. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín ṣáá.

Ní báyìí ó ti ra alùpùpù kejì, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa gùn ún. Ìdánwò rẹ̀ kò le: gbé ẹyin tútù kan sórí àwo, so ó mọ́ iwájú, kí o sì yí Yàbà ká. Àbdùlláhì ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà àkọ́kọ́, ewúrẹ́. Ìgbà kejì, kòtò. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kù díẹ̀ kó dé ló yí ọrùn wo ọmọbìnrin kan. Ọ̀gá Reuben fi bírò pupa kọ máàkì rẹ̀ sórí páálí, ó sì fi hàn án níwájú gbogbo ọlọ́kadà.

"Padà wá lọ́jọ́ Ajé," ó ní. "Kí o sì mú ẹyin tìrẹ wá."