Òṣùpá Olórùka

"Jẹ́jẹ́" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa ń gbọ́ lẹ́nu onígbàjámọ̀ náà bó bá ti jókòó sórí àga rẹ̀. Á fi ọwọ́ kan gbá a mú lágbọ̀n, á yí orí rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀, á ní, "Jẹ́jẹ́," bí ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọ̀rọ̀ náà ló di orúkọ mọ́ ọn lára, tó fi jẹ́ pé Bàbá Jẹ́jẹ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Àga tó ń yí wà láàárín, dígí gbọọrọ wà lára ògiri, bẹ́ǹṣì àwọn tó ń dúró de kí ó kan orí wọn sì wà lẹ́yìn. Kóòmù ní ipò tirẹ̀, sísọ́ọ̀sì ní tirẹ̀, inú ife sípíríìtì sì ni abẹ ń gbé. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, nínú yàrá yìí kan náà. Ibẹ̀ ló sì ti rí bí ojú bàbá náà ṣe ṣú díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan bàbá gé oníbàárà létí. Ó nu ẹ̀jẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó gbé abẹ sílẹ̀, kò sì tún gbé e mọ́. Igun bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí láti ìgbà náà, tó ń fi ohùn mọ ẹni tó wọlé, títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Nítorí náà, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù iná bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ká kọjá ara rẹ̀ lójú Bàbá Jẹ́jẹ́, tí nǹkan bíi kùrukùru sì ń bo etí irun tó yẹ kó gé, kò dúró kí ẹnì kan tó sọ fún òun. Ó mọ ọ̀nà náà. Ó ti bá bàbá rẹ̀ rìn ín. Ó pa á mọ́ra. Ó sún àga sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ó ní atẹ́gùn ni òun ń fẹ́. Ó ń ti ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ní ara ń fẹ́ ìsinmi. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá sì ní kí ó fi abẹ fa ilà sí iwájú orí àwọn, á ní àṣà ìyẹn ti lọ. Wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á gbà, nítorí kò sí ẹni tí í bá ẹni tó di orí rẹ̀ mú jiyàn.

Olùkọ́ ni ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó kó àwòrán márùn-ún tí ó fi ọ̀dà yà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ bàbá rẹ̀ kó jẹ́ kí òun fi wọ́n kọ́ sára ògiri títí wọ́n á fi gbẹ. Àdúgbò wọn ní ìrọ̀lẹ́ ló wà nínú gbogbo wọn: òrùlé, òpó iná, àti táǹkì omi tó wà lókè ilé kejì. Ibi tí òṣùpá wà nìkan ni wọ́n ti yàtọ̀ síra. Ó ṣàlàyé fún àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì pé òṣùpá tiwa gan-an ló wà nínú ọ̀kan. Nínú mẹ́rin yòókù, ká ní èèyàn lè gbé e kúrò, kó gbé pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn sí àyè rẹ̀, bó ṣe máa rí lójú wa nìyẹn. Òun fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ bí ọ̀run ṣe tóbi tó.

Bí bẹ́ǹṣì ṣe di kíláàsì nìyẹn. Máàsì pupa rẹ́súrẹ́sú, ó fẹ̀ tó òṣùpá méjì. Júpítà gba ojú ọ̀run láti òpó iná dé orí táǹkì. Rọ́bà, tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì, tí ọ̀rọ̀ kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ní èyí jọ baba onílé òun: ibi téèyàn bá yà sí, ibẹ̀ ló ti máa bá a. Nígbà tí olùkọ́ sọ pé àgùàlà ni ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bàbá àgbà kan tó ń dúró kí ó kan orí tirẹ̀ mí kanlẹ̀, ó ní: Ṣebí àgùàlà tó ń bá òṣùpá rìn náà ni wọ́n ń pè ní ajá rẹ̀? Ajá wá lé olówó rẹ̀ jáde, ó jókòó sórí àga. Bẹ́ǹṣì mì fún ẹ̀rín. Èyí tó kẹ́yìn ni Sátọ̀nù, tí òrùka ńlá yí ká. Rọ́bà ní rímù lásán ni, ẹnì kan ti jí táyà rẹ̀ lọ.

Olùkọ́ bi bàbá rẹ̀ pé èwo ló wù ú nínú wọn.

Bàbá Jẹ́jẹ́ gbójú sókè lórí orí tó ń gẹ̀. "Tiwa náà ni mo máa mú," ó sì fi kóòmù tọ́ka sí olórùka. "O kàn yà á tóbi jù ni. Èyí tó rí bíi bọ́tìnnì yẹn ni mi ò mọ̀ rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín dọ́ba, wọ́n rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó rí i pé bàbá òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣé ẹ máa ń rí òrùka lára òṣùpá ni?"

"Ta ni kì í rí i? Eruku tó pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ láyé ìsinsìnyí ni."

Ẹ̀rín tán. Rọ́bà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. "Ọ̀gá, èmi ò rí i o."

Bàbá Jẹ́jẹ́ pa kílípà tó fi ń gẹ irun. Ti gílóòbù ló ti ń fi pa mọ́, nítorí ó mọ̀ pé ojú òun ló fà á. Ti òṣùpá, kò tilẹ̀ fura. Ó rò pé ọ̀run ló yí padà fún gbogbo ayé. Ẹnu ara rẹ̀ ló wá fi tú àṣírí ara rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ dúró títí oníbàárà tó kẹ́yìn fi lọ, ó bá a gbá irun ilẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá sọ pé kí wọ́n lọ rí dókítà ojú.

"Tí wọ́n bá ní ti bàbá mi ni ńkọ́?" Igun bẹ́ǹṣì ló ń wò.

"Tó bá jẹ́ òun ni, àìlọ yín kò sọ pé kó má jẹ́ òun."

Bàbá Jẹ́jẹ́ gbà, ni wọ́n bá lọ.

Dókítà náà kò dàgbà ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ó ní kí ó gbé àgbọ̀n lé orí irin kan. Ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn pìn sí i lójú, ó sì fà sẹ́yìn bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìró kílípà. "Jẹ́jẹ́, bàbá," ni dókítà wí, ó rọra dì í lórí mú. Olùkọ́ yíjú sí ògiri kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín ẹnu rẹ̀. Nígbà tí àyẹ̀wò tán, bàbá náà kò lè dúró kí dókítà parí ohun tó ń kọ. Ó ròyìn bí ojú bàbá òun ṣe ṣú, ó sì béèrè bóyá èyí tó mú un náà ni.

"Rárá," ni dókítà dáhùn. "Tiwọn, bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀, iṣan ẹ̀yìn ojú ló bà jẹ́, ìyẹn kì í sì í padà. Tiyín, ohun tó rí bíi dígí nínú ojú ló ṣú, bíi fèrèsé ilé ìwẹ̀. A máa yọ ọ́, a máa fi tuntun sí i."

Bàbá Jẹ́jẹ́ bú sẹ́rìn-ín, títí omi fi ń bọ́ lójú tó ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ tipẹ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú kan, wọ́n ṣe ìkejì nígbà tó yá. Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n gbà á láyè láti ṣí ojú méjèèjì sílẹ̀, ó gbé àga sí iwájú ilé. Ọmọ rẹ̀ jókòó tì í. Ìyàwó rẹ̀ náà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ kò tíì rọ̀ tán lórí pé ọkọ òun fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pa mọ́ fún òun. Òṣùpá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Bàbá Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ bo ojú kan, ó wò ó, ó bo ìkejì, ó tún wò ó.

"Ó mà kéré o," ló sọ níkẹyìn. Ó tún wò ó. "Ó mọ́ tónítóní. Kò sí òrùka kankan níbẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Bí ẹ bá tún rí òrùka níbikíbi yàtọ̀ sí ìka mi," ó ní, "ẹ tètè wá sọ fún mi."

Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù tún ṣí, Rọ́bà ló kọ́kọ́ gorí àga. Ó béèrè bóyá àṣà ilà iwájú orí yẹn ti padà dé. Bàbá Jẹ́jẹ́ ní ó dé lánàá, ó mú abẹ nínú ife, ó sì fa ilà náà gbọrọ láti etí dé etí.

Lẹ́yìn tí olùkọ́ ti fi àwọn àwòrán kọ́ àwọn ọmọ tán, bàbá rẹ̀ tọrọ wọn, ó sì kàn wọ́n mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Bí àgbàlagbà kan bá jókòó báyìí, á dì í lórí mú jẹ́jẹ́, á yí i sọ́hùn-ún, á bi í pé èwo ni òṣùpá tiwa nínú wọn. Tó bá nawọ́ sí olórùka, á júwe ọ̀dọ̀ dókítà ojú fún un. Tó bá ti lè nawọ́ sí kékeré yẹn, á tan kílípà.